BÍ ÌLÚ ETÍ ÒKUN ṢE LÈ MÚRA SÍLẸ̀ DE OMI

Ẹni tí ń gbé etí òkun mọ̀ pé omi a máa wá, a sì máa padà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi nísinsìnyí, bí ó bá wá, kì í padà tán mọ́. Ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀ ilé ni òkun ti gbé lọ.

Kí ni ó fa èyí? Ayé ń gbóná nítorí èéfín epo àti èédú tí ènìyàn ń jó. Omi tí ó bá gbóná a máa fẹ̀, yìnyín ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú òkun. Láti ọdún 1901 dé 2018, òkun ayé ga sí i ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà.

Ọwọ́ ènìyàn tún wà níbẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ìgbì a máa ti iyanrìn etíkun wa láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí a fi òkúta mọ odi sí ẹnu omi Èkó láàárín 1908 àti 1912, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, iyanrìn dúró sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ ìlà-oòrùn. Nítorí náà, kí ìlú kan tó mọ odi, kí ó bá aládùúgbò rẹ̀ gbìmọ̀.

Kí ni kí a ṣe?

Èkíní: Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ láti ògiri ilé kan títí dé etí omi lọ́dọọdún, ní oṣù kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé náà ni yóò sọ bí ilẹ̀ ti ń dín kù.

Èkejì: Ẹ má ṣe kó iyanrìn etíkun kọ́lé. Ẹ má sì ṣe gé àwọn igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò wọn yọ sókè omi. Wọ́n ń dá agbára ìgbì dúró, abẹ́ wọn sì ni ọmọ ẹja ń dàgbà.

Ẹ̀kẹta: Bí omi kànga bá ń ní iyọ̀, ẹ gbe omi òjò sínú àgbá mímọ́, kí ẹ sì dé e dáadáa kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i.

Ẹ̀kẹrin: Kí baálẹ̀, àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tí ń yan ẹja jókòó pọ̀ nígbà ẹ̀rùn, kí wọ́n sì bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ gíga. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ ṣí lọ. Ẹni tí ó bá dúró di òru tí omi wọlé, ẹrù orí rẹ̀ nìkan ni yóò rí gbé.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.