Kí la ó jẹ ní Jàmáíkà?

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Jàmáíkà lóṣù Kejìlá. Yàtọ̀ sí oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, kí ló yẹ ká jẹ, kí ló sì yẹ ká mu?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Iṣin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Iṣin tiwa yìí náà ni. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e débẹ̀ ní ọ̀rúndún 18. Ackee ni wọ́n ń pè é, òun àti ẹja oníyọ̀ sì ni oúnjẹ orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi àlùbọ́sà, tòmátò àti ata rodo dín in. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo oúnjẹ wọn yòókù lọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín ká a lórí igi! Èyí tí kò tíì lanu fúnra rẹ̀ ní májèlé tó lè pa èèyàn. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sè ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Ẹ tún wá jerk, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ tí wọ́n fi ata rẹ, tí wọ́n sì yan lórí igi pimento. Boston Bay ní Portland ló lókìkí jù fún un.

Ní ti mímu, àsìkò sorrel lẹ ń lọ yẹn: omi ìṣápá pupa pẹ̀lú atalẹ̀, tí wọ́n ń mu nígbà Kérésìmesì. Bí ẹ kì í bá mu ọtí, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ti da rọ́ọ̀mù sí i.