Ẹ Ka Owó Ìjókòó Mọ́ Owó Oògùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi owó oògùn àtọ̀gbẹ ránṣẹ́ sí ìyá àti bàbá yín lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan: oògùn tí aláìsàn kò rí ẹni bá a mójú tó, owó rẹ̀ lè wọgbó.

Láwọn ọdún 1990, ní ìlú Asheville, ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú tó ń gbọ́ bùkátà ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn apoògùn àdúgbò, kí wọ́n máa jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ní àtọ̀gbẹ déédéé. Wọ́n á bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, wọ́n á wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa wọn ṣúgà ara wọn. Èyí tó bá ju agbára àwọn apoògùn lọ, wọ́n á fi tó dókítà létí. Ẹni tó bá ń wá síbi ìjókòó yìí kò ní san nǹkan kan nínú owó oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀.

Ìwádìí lórí ètò yìí tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà wálẹ̀. Owó oògùn lọ sókè, nítorí wọ́n ń lò ó bó ṣe yẹ. Owó dókítà àti ilé ìwòsàn sì já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àpapọ̀ ìnáwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi dín ní dọ́là 1,200 sí 1,872 lọ́dún. Àwọn tí wọ́n wò kò pọ̀, owó Amẹ́ríkà kì í sì í ṣe owó wa. Síbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó ń gé oògùn jẹ kí owó má baà tán, ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú owó náà dè.

Nílé wa, bí àtọ̀gbẹ bá ba kíndìnrín tàbí ẹsẹ̀ jẹ́, àpò ẹbí ni owó fífọ kíndìnrín àti owó gígé ẹsẹ̀ ti sábà máa ń jáde. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, ẹ wá apoògùn kan fún àwọn òbí yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísítì ló kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti máa ra oògùn, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń lò. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn wọn lọ, kí wọ́n má fi àgbo pa mọ́. Bó bá jẹ́ ínsúlìnì ni wọ́n ń gún, kí apoògùn náà sọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná.

Bó bá ní òun á gba owó ìjókòó, ẹ má ṣe bínú. Ní Asheville, ìjọba ìlú ló san án. Ẹ̀yin ni kí ẹ san án nílé yín.