Ẹni Tí Kò Gun Òkè Rí

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀nà Ọba Akran n'Ìkẹjà ti ń dájọ láti lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Òkè Ìdànrè, mo sì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó ti Agége lọ sí Glasgow náà ti bá àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ pète àtilọ sí Aviemore, ní ẹsẹ̀ òkè Cairngorm, kí wọ́n lọ fi pátákó tí wọ́n ń pè ní snowboard yọ̀ lórí yìnyín. Ẹ kú ìmúra o. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, àti àwa tí a tẹ̀lé wọn, ìrìn-àjò òpin ọ̀sẹ̀ tiwa kò ju òkú àgbà àti ìgbéyàwó lọ. Bí a bá sì ti ibẹ̀ dé, ó máa ń rẹ̀ wá ju bí a ṣe lọ lọ. Ara tí ó ń dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí di alẹ́ yẹ kí ó rí atẹ́gùn orí òkè. N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹni tí kò gun òkè rí nínú yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Láàárín ẹgbẹ́, ọmọ mi, ohun tí ó ń pa ènìyàn lára kì í sábà jẹ́ òkè fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ojú àwọn tí a jọ lọ, ojú tí a kò fẹ́ kí ó rí i pé ó ti rẹ̀ wá, pé ẹ̀rù ń bà wá, pé ohun tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ṣeré yìí, àwa kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ṣe fítà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àgbègbè yìí, mo sì rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, tí ọ̀gá bi í bóyá ó ti lo ẹ̀rọ tí ń tẹ páànù rí. Ó kọ́kọ́ wo ojú àwọn ojúgbà rẹ̀, kí ó tó dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìka méjì ti lọ. Ìbéèrè ọ̀gá kò le. Wíwò tí ó wo ojú ẹgbẹ́ yẹn ni ó ṣe é.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, wọ́n sì kọ́ ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà rẹ̀, torí náà jókòó níbẹ̀, kí o mu omi, kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá wù wọ́n. Odidi ìlú ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀ dó sókè níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ààfin Ọwá, ọba wọn, àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Arúgbó àti aboyún gbé ibẹ̀, ẹ má sì rò pé sísáré ni wọ́n ń sáré gùn ún. Ọ̀rẹ́ rẹ kan yóò pa á lówe fún ọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ àáké lò ni wọ́n pa òwe yẹn fún.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, bá mi sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó kọ́ eré orí yìnyín láìṣubú. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń so mọ́ pátákó kan ṣoṣo, kò sí àyè láti na ẹsẹ̀ kan gbé ara ró. Bí ara bá ti yẹ̀, ọwọ́ ni akọ́ṣẹ́ máa ń nà sílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọrùn ọwọ́ fi jẹ́ ibi tí ó máa ń kán jù lára àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kí ó di ìkúùkù, kí ó fi ìdí tàbí apá balẹ̀, kí ó wọ ìbòrí àti ohun tí ń dáàbò bo ọrùn ọwọ́, kí ó sì san owó olùkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí àwọn ọmọ òyìnbó ọlọ́dún márùn-ún ti ń kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lórí yìnyín, ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣubú bí àgbà, kí ó bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó gbé òun ṣubú kí ó tó dìde.

Bí ìtìjú bá sì ń mú un, kí ó rántí Ṣeun Adígún, tí ó sáré fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì London ní 2012, tí ó sì fi igi kan ọkọ̀ yìnyín sínú gáréèjì ní Houston, níbi tí yìnyín kì í sábà sí, kí òun àti Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ní 2018 wọ́n dé Òlíḿpíìkì Pyeongchang ní Kòríà, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà nínú ìdíje ọkọ̀ yìnyín tí wọ́n ń pè ní bobsled. Simidélé Adéagbo náà wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ tirẹ̀ nínú eré yìnyín mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọdún kan tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà. Wọ́n gbẹ̀yìn, ọmọ mi. Àwọn méjì tí ó wà nínú ọkọ̀ gbẹ̀yìn, Simidélé náà gbẹ̀yìn, ojú gbogbo ayé sì wà lára wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè rí, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ṣáájú, kí ẹ máa rìn bí ó ti ń rìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a nìkan sílẹ̀ torí fótò.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ní Agége títí dé Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, kí ẹ tó wá mọ́tò tí yóò gbé yín dé Ìdànrè. Ó sàn ju kí ẹ fi gbogbo àárọ̀ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ ra búrẹ́dì dání. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, bí òjò bá sì ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀, àpáta tútù kò mọ ọmọ ẹni kankan. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ kọrí sílé, má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́ dúró di alẹ́, nítorí ìwọ ni o ni iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò sì fẹ́ gbọ́ pé o ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ.