Fader Ọkọ̀ Yín: Ta Ló Ń Gbọ́ Ariwo Jù?

Rédíò ọkọ̀ ní "balance" tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì. Ó tún ní "fader" tó ń pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn. Mélòó nínú wa ló ti fọwọ́ kan fader rí? Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù, torí etí àwọn tó jókòó sẹ́yìn wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú ọ̀pọ̀ Corolla, spíkà ńlá wà lẹ́yìn, lábẹ́ gíláàsì. Ká ní ó fi sẹ̀ǹtímítà 40 jìn sí orí ọmọ tó jókòó síbẹ̀, ó sì fi 160 jìn sí ti awakọ̀. Níta gbangba, nígbàkígbà tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ohùn á fi desibẹ́ẹ̀lì 6 lọ sílẹ̀. Láti 40 dé 160, desibẹ́ẹ̀lì 12 nìyẹn. Nínú ọkọ̀, ohùn máa ń ta padà lára gíláàsì, torí náà ìyàtọ̀ náà kì í tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wà. Awakọ̀ á ní orin ò tíì dún tó, á tún yí i sókè, ọmọ ẹ̀yìn ló máa jìyà ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní a lè gbọ́ desibẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọpọlọ náà fẹ́ ohùn iwájú. Tí ohùn kan náà bá wá láti ibi méjì, èyí tó kọ́kọ́ dé etí ló máa ń sọ ibi tí orin ti ń bọ̀. Helmut Haas ará Jámánì ló ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní 1949.

Bí mo ṣe máa ń tò ó rèé. Màá páàkì, màá gbé balance sáàárín, màá yan orin tí ẹnì kan péré ti ń kọrin. Màá gbé fader síwájú pátápátá, kí n tó máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Tí ohùn olórin bá ti kúrò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń bọ̀ ní èjìká mi, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Màá dá a padà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá lọ jókòó sẹ́yìn (ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò nìyí). Tí mo bá ní láti pariwo kí ẹni iwájú tó gbọ́ mi, ó ṣì ga jù. Béèsì lè dín kù díẹ̀. Bọ́tìnnì béèsì ni kẹ́ ẹ fi tún un ṣe, ẹ fi fader sílẹ̀.

Tí béèsì bá dún dáadáa níwájú nìkan, tó dún dáadáa lẹ́yìn nìkan, àmọ́ tó pòórá tí fader bá wà láàárín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé + àti − waya àwọn spíkà ẹ̀yìn fún ara wọn. Tiwájú á máa ti afẹ́fẹ́, tẹ̀yìn á máa fà á, wọ́n á sì máa pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Fader ò lè tún ìyẹn ṣe; rewaya yín ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.