Ta Ló Ń Jókòó fún Ìdánwò?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò. Ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ "tí wọ́n fẹ́ jókòó fún ìdánwò GCE." Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i. Onídìrí là ń jókòó fún. Onígbàjámọ̀ là ń jókòó fún. Ìdánwò, ṣíṣe là ń ṣe é.

"Jókòó" kì í sábà dá rìn. Láti ayé tí Bíbélì ti ń kọ ọ́ ní "joko," kí àkọtọ́ òde òní tó fi "o" kẹta jíǹkí rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré tó bá tẹ̀lé e ló ń júwe irú ìjókòó tó jẹ́. Ẹni tó jókòó lé owó olówó, ẹjọ́ ń bọ̀ nílé rẹ̀. Ẹni tó jókòó ti aláìsàn, oorun ò kan ojú rẹ̀. Ẹni tó jókòó ti ọjà, oníbàárà ló ń wò, olè ló ń ṣọ́. "Ti" yìí ni mo fẹ́ràn jù: ìṣọ́ wà nínú rẹ̀, sùúrù sì wà níbẹ̀. Òun ló jẹ́ ká máa sọ pé èèyàn jókòó ti ìwé.

Ẹ dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: ọmọbìnrin lẹ́yìn agbọ̀n ẹja, ìwé Further Mathematics lórí itan, tó ń ṣírò bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Kò ní olùkọ́. Bí oníbàárà bá pè é, ìyá rẹ̀ á dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni kẹ́ ẹ bá nájà, ó jókòó ti ìwé ẹ̀ ni." Irú ìjókòó yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jókòó tó fi gba oyè BCom Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òyìnbó ló ń jókòó fún ìdánwò ní èdè tirẹ̀; àwa la lọ gbé àga rẹ̀ wálé. Bó bá wá jẹ́ dandan ká jókòó, práktíkà kẹ́místrì ńkọ́? Ìdúró ni ọmọ iléèwé ń dúró ti burette. Ṣé ó "dúró fún ìdánwò" nìyẹn? Àmọ́ WAEC kì í mú àwọn tó ń dá ṣe GCE wọ yàrá kẹ́míkà. Orí ìwé ni wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè tó dípò práktíkà. Àwọn yẹn jókòó lóòótọ́. Mo fún sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní máàkì díẹ̀.

Ibi kan tilẹ̀ wà tí àwọn tó ń sọ bíi tirẹ̀ ti borí mi pátápátá. Ẹ gbọ́ àwọn òbí tó ń wá ààyè fún ọmọ ní LASUSTECH, Pólì Ìkòròdú àná tó di yunifásítì ní 2022: "Ìjókòó kan ni èsì ẹ̀ fi pé, kì í ṣe méjì." Ta ni yóò ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn? Ó ṣe ṣókí, ó sì yé gbogbo ayé. Kí wọ́n máa mú "ìjókòó" lọ.

"Jókòó fún" ni n ò ní gbà. Ẹ jókòó ti ìwé, kí ẹ lọ ṣe ìdánwò, kí ẹ sì yege. Ẹni tó bá jókòó lé ìwé dípò kó jókòó tì í, èsì WAEC yóò kọ́ ọ ní gírámà.