Oorun Àwọn Àgbà

Láti Ìlaròó títí dé Aiyétòrò, níbikíbi tí a bá ti bẹ àwọn àgbà wò, ohùn kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu wọn: "Àlùfáà, n kò rí oorun sùn mọ́." Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ oṣù yìí ṣe dá lórí oorun.

Kì í ṣe iye wákàtí tí ènìyàn fi dùbúlẹ̀ ni a fi ń wọn oorun, bí kò ṣe iye tí ó fi sùn nínú rẹ̀. Bí ìyá àgbà kan bá wọlé sùn ní agogo 8 alẹ́, tí ó sì dìde ní agogo 5 òwúrọ̀, wákàtí 9 ni ó lò lórí ẹní. Bí ó bá sun 6 péré nínú rẹ̀, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ni. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn a máa fẹ́ kí ó tó 85 nínú 100. Kí ìyá náà má ṣe tètè wọlé mọ́. Kí ó dúró títí oorun yóò fi kùn ún.

Òtítọ́ ni pé bí ọjọ́ orí ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni oorun àsùnwọra ń dínkù. Ṣùgbọ́n ìtọ̀, àtọ̀gbẹ àti ìrora oríkèé pẹ̀lú a máa jí àgbà lóru. Obì tí a jẹ lálẹ́ a sì máa lé oorun lọ. Ẹni tí ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀, kí ará ilé má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, nítorí irú oorun bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru.

Ní ọdún 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ 8 tí a ti ń sọ èdè Yorùbá. Ògùn wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé àìsùn a máa bá àwọn obìnrin jà ju ọkùnrin lọ, àti àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára wọn.

Níhìn-ín ni a fẹ́ dúró díẹ̀. Bí bàbá àgbà bá ń rìn kiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, wọn a ní ìtọ̀ ni ó jí i. Bí ìyá àgbà bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn a máa wojú ara wọn, wọn a ní ó ń jáde lóru. A ti wọ ilé kan rí tí àwọn ọmọ ti kó àwọn ọmọ-ọmọ kúrò ní iyàrá ìyá wọn nítorí èyí. Wọ́n sì ń ra oògùn oorun fún un lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, oògùn tí í máa gbé àgbà ṣubú lóru. Orúnkún ni ó ń dun ìyá náà. Nígbà tí a mú un dé ilé ìwòsàn tí a sì tọ́jú rẹ̀, oorun rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti tún ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.