ABẸ́RẸ́ TÍ Ń PẸ́ LÁRA EWÚRẸ́ ÀTI ÀGÙNTÀN

Ẹ̀kọ́ tòní wà fún gbogbo ẹni tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn. Púpọ̀ nínú yín ló mọ abẹ́rẹ́ oxytetracycline tí à ń gún fún ẹran tó ń wúkọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà lọ́jà? Bí ẹ bá lo ọ̀kan bí èkejì, ó lè pa ẹran lára, ó sì lè pa ẹni tó jẹ ẹran náà lára.

Kí ló ń mú kí oògùn pẹ́ lára?

Oògùn 5% tàbí 10% máa ń tètè wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń tètè bá ìtọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ti 20% tí wọ́n kọ LA sí lára ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dé inú ẹran ara, á dì sójú kan, á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ó dà bí àgbàdo inú àká: díẹ̀díẹ̀ là ń bù ú.

Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n á po oògùn mọ́ inú wóró kéékèèké. Lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe wóró náà ni èròjà tó ń mú ògì kan. Omi ara á máa jẹ wóró náà díẹ̀díẹ̀, oògùn á máa jáde, títí wóró á fi tán pátápátá. Ní 1989, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ fún odindi oṣù kan.

Ohun tí ẹ óò ṣe

1. Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó rà á. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ fún ọmọ iléèwé kà.

2. Ẹ wọn ẹran. Ti LA, 1 ml ni fún kílò 10. Ewúrẹ́ kílò 20 á gba 2 ml.

3. Inú ẹran ọrùn ni kí ẹ gún un sí. Ẹ má ṣe ju 5 ml lọ lójú kan.

4. Ẹ má tún LA gún lọ́jọ́ kejì. Àpọ̀jù rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí ara ẹran kò bá yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pe dókítà ẹran.

5. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gún un sílẹ̀.

Ẹ má sáré tà á

A mọ̀ pé bí ẹran bá dùbúlẹ̀, ọkàn ẹni á ní ká tètè tà á fún alápatà kí owó má baà ṣègbé. Àmọ́ oògùn tó pẹ́ lára ẹran láàyè á wà nínú ẹran tí a pa. Síse kì í lé e jáde tán. Lára ìgò mìíràn, ọjọ́ 28 ni wọ́n ní ká dúró ká tó pa ẹran náà. Iye ọjọ́ tó wà lára ìgò tiyín ni kí ẹ tẹ̀lé. Bí àwọn kòkòrò àrùn bá ń rí oògùn díẹ̀díẹ̀ nínú oúnjẹ wa, oògùn náà lè má ràn wọ́n mọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ yín bá ń ṣàìsàn.

Ẹ rántí o: abẹ́rẹ́ yìí kì í pa kata. Ikọ́ tó ń tẹ̀lé kata ló ń bá jà. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran yín kí kata tó dé. Bí nǹkan kan kò bá yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín.